Ẹ̀jẹ̀ Tí A Gbà Ṣáájú Ọmú

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kìn-ín-ní

Mo ba iṣẹ́ mọ́ obìnrin kan lọ́wọ́ ní ọdún mọ́kànlélógójì sẹ́yìn, mo sì gba ìwé rẹ̀. N kò kọ gbólóhùn yìí sílẹ̀ rí. Ó ti wà nílẹ̀ báyìí.

Iṣẹ́ wa nígbà náà ni láti mọ ọjọ́ tí ọmọ àgùntàn inú oyún máa ń kọ́kọ́ bá àrùn jà. A ó fi àrùn ìgbọ̀nrìrì, ibà lásán lára àgbà ṣùgbọ́n tó lè sọ ọmọ inú oyún di ẹni tó ń gbọ̀n, ran ìyá ní ọjọ́ tí a yàn, a ó dúró títí yóò fi bí, a ó sì gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ kí ó tó fi ẹnu kan ọmú. Orí ìyẹn ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé. Àgùntàn kì í fi ọmọ-ogun inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, èyí tó ń bá àrùn jà, ránṣẹ́ sí ọmọ nínú oyún. Inú wàrà àkọ́kọ́ ló ń kó wọn sí. Nítorí náà, ọmọ-ogun tí a bá bá lára ọmọ tí kò tíì mu ọmú, òun fúnra rẹ̀ ló dá wọn sílẹ̀ nínú òkùnkùn ibẹ̀ yẹn. Tó bá ti mu ún, ti ìyá ti dà pọ̀ mọ́ tirẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà kò wúlò mọ́.

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ni a ń pe obìnrin tó ń bá mi gba ẹ̀jẹ̀, torí ọmọ àgùntàn kì í ké lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gba ti ọmọ mọ́kànlá tí àrùn bá ní oyún láàárín ọgọ́ta ọjọ́ sí mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Kò sí ọmọ-ogun kankan lára wọn. Èmi gba ti méjì péré, ní ọjọ́ tí òun kò wá síbi iṣẹ́, ọmọ-ogun sì kún inú ẹ̀jẹ̀ méjèèjì. Ìdí ni pé mo lọ gẹ irun. Ayàwòrán ń bọ̀ wá ya mí fún ìwé ìròyìn, ni mo bá fi àwọn ìyá méjèèjì sílẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, wọ́n ti bí, àwọn ọmọ ti mu ọmú yó, wọ́n ń ju ìrù. Mo gba ẹ̀jẹ̀ wọn bẹ́ẹ̀, mo sì kọ ọ́ pé wọn kò tíì mu.

Mo ti sọ fún gbogbo ayé, mo sì padà kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ni, pé láti ọgọ́ta ọjọ́ ni ọmọ inú oyún ti ń bá àrùn jà. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ní rárá, ọgọ́rin ni. Mo lọ bá olùdarí, mo ní ó gbàgbé àwọn ìgò rẹ̀ sínú oòrùn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́. Wọ́n lé e. Ìwé rẹ̀, tó kọ wákàtí tí ìgò kọ̀ọ̀kan wọ fíríìjì sí, wà lábẹ́ àwọn ṣẹ́ẹ̀tì mi nínú àpótí tó wà lẹ́sẹ̀ ibùsùn yìí.

Kí ló dé tí mo fi ń kọ ọ́ lónìí? Mo dé oko ọmọ mi obìnrin ní ọ̀sán, láti ràn án lọ́wọ́ lásìkò tí àgùntàn rẹ̀ yóò bímọ. Ó fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn nítorí agbo yìí. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni abo tó lóyún. Ó ra abo mẹ́fà sí i ní oṣù méjì sẹ́yìn, ọ̀kan nínú wọn sì gbé ìgbọ̀nrìrì wọlé. Láàárín ọjọ́ méjì, ibà ti mú gbogbo agbo, ó sì lọ. Ọkàn ọmọ mi balẹ̀ pátápátá.

Ó ní, “Bàbá, mo tẹ̀lé ìwé yín. Mo dúró kí oyún tó kéré jù pé ọjọ́ mẹ́rìndínláàádọ́rin kí n tó kó àwọn àlejò wọlé. Ẹ rí i pé mo gbọ́ràn?”

Mo ní ó ṣeun. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ ọgbọ̀n

Òjò láti àárọ̀. Koríko gbígbẹ ti gbówó lórí ju ti ọdún tó kọjá lọ, ó sì rí dúdú.

Ọmọ mi lẹ bébà ńlá kan mọ́ ògiri ilé ìdáná. Gbogbo abo ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí àgbò gùn wọ́n, nítorí ó fi ọ̀dà pupa kun àyà àgbò, ó sì ń lọ wo ìdí wọn láràárọ̀. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ló fi àgbò sáàárín wọn. Níwájú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ló kọ iye ọjọ́ tí oyún rẹ̀ ti lò nígbà tí àrùn dé. Ẹni tó kọ́kọ́ lóyún wà lókè: mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Ẹni ìkẹyìn wà nísàlẹ̀: mẹ́rìndínláàádọ́rin.

Nígbà tó jáde lọ, mo mú pẹ́ńsù, mo fa ìlà tín-ín-rín kan láàárín ọgọ́rin àti mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Mẹ́sàn-án wà lókè ìlà. Méjìlélógún wà nísàlẹ̀.

Ohun tí ìwé inú àpótí sọ nìyí. Ọmọ tí àrùn bá lẹ́yìn ọgọ́rin ọjọ́ yóò mọ̀ ọ́n ní àjèjì, yóò bá a jà, yóò sì ṣẹ́gun. Ọmọ tí àrùn bá ṣáájú ìgbà náà kò tíì mọ ara rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹlòmíràn. Ó gbà á bí ara ilé. A ó bí i láìní ọmọ-ogun kan ṣoṣo, yóò sì máa gbé àrùn náà kiri, yóò máa tú u jáde lẹ́nu àti nímú títí tí yóò fi kú.

Àwọn tó wà lókè ni yóò kọ́kọ́ bí. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí nìyẹn. Ìdùnnú ni yóò kọ́kọ́ dé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kejì

Dókítà ẹran wá, obìnrin, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó ní kí a máa gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣáájú ọmú, òun yóò máa gbé e lọ sí ibi àyẹ̀wò. Bó ṣe rí mi, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ tòun ti bàtà òjò.

“Ọ̀jọ̀gbọ́n! Ìwé yín ni mo fi yege. Ẹ wò ó.”

Ó fà á yọ láti inú ọkọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, ó fi téèpù dì í. Ó ní kí n bá òun fọwọ́ sí i. Mo kọ ìdajì orúkọ mi, mo dúró, ó bá mi di ìwé náà mú gírígírí torí ó rò pé ogbó ni, mo sì kọ ọ́ tán.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Àkọ́bí dé ní agogo mẹ́wàá àárọ̀. Abo kẹrìnlá, mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Akọ ni.

Olùṣọ́ àgùntàn ọmọ mi ló di ìyá mú. Kò-sí-wàhálà ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ìdáhùn rẹ̀ sí gbogbo nǹkan nìyẹn, ìbáà jẹ́ pé òrùlé ń jó. Èmi gbé ọmọ náà mọ́ àyà kó má baà dé ìdí ọmú.

“Bàbá àgbà, ẹ ṣe kíá, ẹ jọ̀ọ́,” ni Kò-sí-wàhálà wí. “Ìyá yìí ń wò mí bí ẹni tó jí i lọ́mọ gbé.”

“Ìwọ kọ́ ló ń wò,” ni ọmọ mi wí. “Bàbá ló ń wò.”

“Èmi o, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ lára mi kí n tó jẹun àárọ̀, àgọ́ ọlọ́pàá la ó ti parí ẹ̀.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo wá iṣan ọrùn ọmọ àgùntàn náà, mo ti abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Ó ké. Lọ́wọ́ tèmi wọ́n máa ń ké. Lẹ́yìn náà a gbé e sílẹ̀, ó wá ọmú rí lẹ́ẹ̀kan náà, ìrù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí jó.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Ọmọ-ogun kún ẹ̀jẹ̀ ọmọ mẹ́rin àkọ́kọ́. Dókítà pariwo lórí fóònù títí ọmọ mi fi gbé e jìnnà sí etí. Ọmọ àgùntàn kò tíì rí oòrùn rí, ó ti jagun, ó ti ṣẹ́gun, ó jáde wá ń wá ohun tí yóò jẹ. Iṣẹ́ yìí ti wà lọ́wọ́ mi láti ìgbà èwe, èyí sì ń yà mí lẹ́nu síbẹ̀.

Ọmọ mi dì mọ́ mi lọ́rùn. N kò mọ ibi tí mo fẹ́ gbé ọwọ́ sí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

A ti kọjá ìlà. Abo kẹta bí ìbejì ní ọ̀sán, mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Wọ́n dára púpọ̀. Wọ́n dìde kíákíá. Mo yẹ eyín wọn wò, mo yẹ ẹsẹ̀ wọn wò, mo ń wá àbùkù bí ẹni ń wá owó tó bọ́.

Ó lè jẹ́ pé Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ló ṣì í. Mo rò bẹ́ẹ̀ lóòótọ́ fún nǹkan bí wákàtí kan, inú mi sì dùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Dókítà mú èsì wá fúnra rẹ̀. Ìbejì náà, òfo. Àwọn mẹ́ta tí wọ́n bí lánàá, òfo. Kò sí ọmọ-ogun kan.

Ọmọ mi bojú wò mí, ó bojú wo dókítà. “Ìyẹn dára àbí kò dára?”

“Ó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ!” Dókítà ń fi ìka lu tábìlì. “Ẹ fetí sílẹ̀. Lẹ́yìn ọgọ́ta ọjọ́, ọmọ tí àrùn bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jà. Àwọn wọ̀nyí kò jà. Nítorí náà àrùn kò dé ọ̀dọ̀ wọn rárá. Wọ́n mọ́. Ṣé mo gbà á, Ọ̀jọ̀gbọ́n?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ìwé.”

Ohun tí mo sọ nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ìwé.

Nígbà tí dókítà lọ tán, aládùúgbò tó wà lápá ìsàlẹ̀ odò pe ọmọ mi. Omi ti gba pápá rẹ̀. Ó ní ogójì abo, oyún inú wọn kò tíì ju àádọ́rin ọjọ́ lọ. Ó bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí òun kó wọn wá sí pápá wa lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀.

“Kí lẹ rí sí i, Bàbá? Wọ́n ti kọjá ọgọ́ta. Àwọn tiwa sì mọ́.”

Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí ni mo fẹ́ rò níbẹ̀. Ó pè é padà, ó ní kó máa bọ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Ọmọ mẹ́fà. N kò lè jẹun.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Ó ti dé.

Abo kejìlélógún, márùndínlọ́gọ́rin. Mo ti rí i kí ó tó jáde tán. Irun rẹ̀ gùn, ó le, ó rí gbágungbàgun bí aṣọ àtijọ́. A gbé e dúró, ó ń gbọ̀n láti orí dé ìrù, gbogbo ẹran ara rẹ̀, bí ìgbà tí ọkọ̀ ńlá ń kọjá létí fèrèsé. Ó fẹ́ lọ sídìí ọmú. Orí rẹ̀ ń lu ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, kò lè ṣe é kó dúró lójú kan.

Kò-sí-wàhálà ní, “Ijó wo nìyí? Ìwọ yìí, ta ló ń lu ìlù fún ẹ?” Ó ń dúró kí a rẹ́rìn-ín. Nígbà tí kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín, ó wò wá lójú ní ẹnìkọ̀ọ̀kan. Kò sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó máa ń sọ.

Mo fún ọmọ náà ní wàrà láti inú ìgò. Dókítà ní òtútù ni, pé ìgbọ̀nrìrì kì í ba ọmọ tó ti kọjá ọgọ́ta ọjọ́ jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò sì jẹ́ òfo, mo mọ̀. Wọn yóò tún ní ó mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo tẹ̀ lé ọmọ mi lọ sí ilé koríko láti sọ fún un. Ó gun orí àkàbà, ó ń ju ìdì koríko sílẹ̀. Mo ní, “Ọmọ mi.” Ó ní, “Bàbá, ẹ kúrò níbẹ̀, yóò bà yín.” Mo kúrò níbẹ̀. Mo padà sínú ilé.

Mo jókòó ti àpótí. Mo ṣí ìwé Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀. N kò ṣí i láti ọdún tí ìyá ọmọ mi kú. Lẹ́tà rẹ̀ kékeré, ó dúró ṣinṣin. Níwájú ọmọ kẹsàn-án ó kọ: *Kò ní ọmọ-ogun. Kòkòrò àrùn kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó ń bá ọwọ́ mi ṣeré.*

Ọjọ́ mẹ́ta ló kù kí ogójì abo tó dé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo ti sọ ọ́.

Ó ń fọ ìgò nílé ìdáná lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Mo gbé ìwé náà ka orí tábìlì, mo dúró, n kò jókòó. Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: irun tí mo lọ gẹ̀, ọmọ méjì tó mu ọmú, oòrùn tí mo parọ́ mọ́ ìgò. Mo sọ fún un pé ọgọ́rin ni, pé àwọn tí dókítà ń pè ní mímọ́ ni wọ́n gbé àrùn jù lọ. Ara wọn kò jà torí pé ara wọn kò mọ̀ pé àlejò ni.

Kò ti omi ẹ̀rọ pa. Omi ń dà sórí ọwọ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo ń sọ̀rọ̀.

“Ẹ dúró,” ni ó wí. “Ìlà tó wà lára bébà yẹn. Ẹ̀yin lẹ fà á?”

“Èmi ni.”

“Mo rò pé ẹ fẹ́ mọ ibi tí agbo pín sí ni.” Ó ti omi pa. “Ìyẹn ni pé ẹ ti mọ̀ láti ọjọ́ tí ẹ ti dé.”

“Mo ti mọ̀.”

“Ọjọ́ méjìdínlógún. Mo ń dì mọ́ yín lọ́rùn, mo ń rẹ́rìn-ín, ẹ sì ń wò mí.”

“Ẹ̀rù bà mí.”

“Ẹ̀rù ta ni? Èmi? Ẹ̀rù èmi tí wọ́n bí sínú ilé yín?” Ohùn rẹ̀ lọ sókè, ó sì bọ́ wálẹ̀. “Ṣé Màmá mọ̀?”

“Kò mọ̀ títí ó fi lọ.”

“Kí ló dé tí ẹ kò kàn jó ìwé yìí, kí ẹ gbàgbé ẹ̀?”

Mo ní n kò mọ̀. Òtítọ́ ni. N kò mọ̀.

Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ìka kan tẹ̀lé òmíràn, bí ẹni fẹ́ gbé ọmọ ìkókó. Lẹ́yìn náà ó tẹ nọ́ńbà aládùúgbò, ó sì na fóònù sí mi. “Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún un. Kì í ṣe èmi.”

Mo sọ fún un. Mo ń gbọ́ ariwo omi lẹ́yìn ohùn ọkùnrin náà. Ó ní, “Ọ̀jọ̀gbọ́n, níbo wá ni kí n kó wọn sí? Omi dé orúnkún mi níbi tí mo dúró sí yìí.” Mo ní n kò mọ̀, ṣùgbọ́n ibikíbi tí kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa. Ó bú mi. Bóyá kì í ṣe èmi ló bú, bóyá omi ni. Ó pa fóònù.

Ọmọ mi ti jáde lọ bá àwọn ẹran rẹ̀. Kò pè mí pé kí n wá di ìgò mú.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo tún gbogbo rẹ̀ sọ fún dókítà. Kò pariwo. Ó ní àyẹ̀wò wà tó ń wá kòkòrò àrùn fúnra rẹ̀ dípò ọmọ-ogun, ó sì ní ẹ̀jẹ̀ gbogbo àwọn ọmọ náà ṣì wà nínú fíríìjì òun. Ó wá ní, “Mo ti fi ìwé yín kọ́ àwọn tó ń sin àgùntàn ní abúlé mọ́kànlá, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo dúró níwájú wọn.” Mo ti ìwé Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ó mú fóònù rẹ̀ jáde láti ya ojú ewé ìwé Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀. Ọmọ mi gbé ọwọ́ lé ìwé náà, ó pa á dé.

“Má bínú, dókítà. Kò sí ẹni tó máa ya nǹkan kan níbẹ̀.”

“Ṣùgbọ́n a nílò rẹ̀. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ló wà níbẹ̀.”

“Mo mọ̀. Ó ní ẹni tó ni ín. Ṣé obìnrin náà ṣì wà láyé, Bàbá?”

“Ó wà láyé.”

“Ẹ mọ ibi tó wà?”

Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti gba iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá nígbà mẹ́fà láàárín ọdún wọ̀nyí, ní apá kejì títì.

“Bí a bá ti parí ìbímọ,” ni ọmọ mi wí, “ẹ ó gbé e lọ fún un. Bó bá fẹ́, kó fún dókítà. Bó bá fẹ́, kó fi dáná.”

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ogójì abo kò wá. Aládùúgbò rí ilé ìkẹ́rùsí kan tó ṣófo yá. Òjò dá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ ogún

Èsì dé. Nínú àwọn tí a ti bí nísàlẹ̀ ìlà, mẹ́tàlá ló gbé àrùn; kò dé ara àwọn yòókù. Ìbejì tó dára wọ̀nyẹn wà nínú wọn. Kò sí ọ̀kan lókè ìlà. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ kò ṣì í ní ọjọ́ kan péré.

Kò-sí-wàhálà kó àwọn mẹ́tàlá sí ọgbà ọ̀tọ̀ tàwọn tìyá wọn. Ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ bó ṣe ń kó wọn lọ, n kò gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Alápatà wá ní àárọ̀. Ọmọ mi kò gbà kí ẹlòmíràn gbé wọn sínú ọkọ̀ rẹ̀. Ó gbé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá. Èyí tó ń gbọ̀n ló gbé kẹ́yìn, ó di orí rẹ̀ mú mọ́ ọrùn ara rẹ̀ kó lè sinmi díẹ̀. Mo ní kí n bá a gbé ọ̀kan. Ó ní, “Rárá, Bàbá. Ẹ jókòó.”

Àwọn ìyá ké títí di ọ̀sán.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Abo ìkẹyìn bí lánàá, mẹ́rìndínláàádọ́rin. Èsì ọmọ rẹ̀ dé lónìí: bíi ti gbogbo àwọn tí a bí láti ọjọ́ ogún, àrùn kò kàn án rárá. Bí èyí ṣe ṣẹlẹ̀ kò yé ẹnikẹ́ni. Ọmọ mi jókòó sórí koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sunkún. Lẹ́yìn náà ó bi mí bóyá mo ti jẹun. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ bá mi sọ láìjẹ́ pé iṣẹ́ ni, láti ọjọ́ mẹ́wàá.

Mo kọ lẹ́tà sí ilé-ìwádìí. Ojú ewé mẹ́ta. Mo ní kí wọ́n yọ orúkọ mi kúrò lára ọgọ́ta ọjọ́ náà, mo sọ ìdí rẹ̀, mo sì sọ ẹni tí mo ṣẹ̀. Kò-sí-wàhálà bá mi fi ránṣẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Ọmọ mi fi ọkọ̀ gbé mi dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀, ó dúró nínú ọkọ̀.

Ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún aago ṣe kò fẹ̀. Iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ni, ó padà sí i lẹ́yìn tí wọ́n lé e. Ìyá arúgbó kan jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó gbé aago ògiri sórí ẹsẹ̀. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ wà lẹ́yìn káńtà, awò kékeré wà lójú rẹ̀ kan, irun rẹ̀ ti funfun tán. Ó ń fi ẹ̀mú gbé nǹkan kan tó kéré ju hóró ìrẹsì lọ. Mo ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Wọ́n sálọ.

Kò gbójú sókè. “Aago wo ló bàjẹ́, Ọ̀gá?”

Ó ti dá mi mọ̀ láti ìgbà tí mo ti ń ṣílẹ̀kùn.

“Kì í ṣe aago,” ni mo wí. Mo fa ìwé náà yọ lábẹ́ apá. Kò fi ọwọ́ kàn án. Ó gbé nǹkan kékeré náà sí àyè rẹ̀ ná, ó yọ awò kúrò lójú.

“Ọmọ mi ń sin àgùntàn,” ni mo wí. “Ó tẹ̀lé ọgọ́ta ọjọ́ mi.”

“Mélòó?”

“Mẹ́tàlá.”

Ó mi orí díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ka ìṣirò fún tó sì bá tirẹ̀ mu. Mo sọ fún un pé mo ti kọ̀wé sí ilé-ìwádìí, pé dókítà ẹran kan fẹ́ lo iṣẹ́ rẹ̀ bó bá gbà, pé a kò da ohunkóhun kọ nínú rẹ̀. Mo ní n kò wá tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ẹ̀jẹ̀ tí mo gbà. Ṣé ó bàjẹ́?”

“Kò bàjẹ́.”

“Ẹ sọ ọ́ sókè, Ọ̀gá. Ìyá yìí kì í gbọ́rọ̀ dáadáa.”

Mo yíjú sí ìyá arúgbó. Ó gbé etí kan sọ́dọ̀ mi, ó di aago rẹ̀ mú. Mo pariwo. Mo ní, “Ẹ̀jẹ̀ tí obìnrin yìí gbà kò bàjẹ́ rí! Kò gbàgbé ìgò kankan sínú oòrùn! Èmi ni mo parọ́ mọ́ ọn!” Ẹnì kan tó ń kọjá ní títì dúró.

Ìyá arúgbó náà yẹ̀ mí wò láti òkè dé ilẹ̀. “Ó dáa,” ni ó wí. “Ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́kọ́ débí o.”

“Mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, Màmá,” ni Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ wí. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ aṣọ iṣẹ́, ó nà wọ́n sí mi. Mo gbé ìwé rẹ̀ lé e lọ́wọ́.